Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi ń pẹ́ kó tó jí: kí ni kí n ṣe sí àwọn áàpù tó ń fúnra wọn ṣí?

Ìyá Ìbejì Atẹ̀wé, Ọjọ́ Ajé, 8:14 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú ọ̀nà Ìwòròkó, l'Ádó níbí, mo ń tẹ̀wé, mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mo sì ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ prójẹ́ẹ̀tì wọn. Tòkunbọ̀ ni láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB. Nígbà tí mo rà á lọ́dún tó kọjá, kò burú rárá. Láàárọ̀ yìí mo fi fóònù ka àkókò rẹ̀, láti ìgbà tí mo tẹ bọ́tìnnì títí Word fi ṣí: ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40.

Kì í ṣe pé ó kàn ń wọ́ o. Bó bá ti ń jí báyìí, áàpù orin á yọjú, èmi tí n kì í gbọ́ orin níbi iṣẹ́. Ti ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì á ní kí n fi password sí i. Ti wíwa fíìmù tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi sílẹ̀ á gba igun ọ̀tún. Ti pírintà á ní òun fẹ́ ṣe update. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wíńdò dúdú kan á yọ fìrí, á lọ, n kì í rí ohun tó wà níbẹ̀ kà. Àràárọ̀ ni mo ń fi X pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń lé ewúrẹ́ nídìí èèpo iṣu: bí mo bá yíjú báyìí, wọ́n ti dé.

Jẹnẹ ni mo fi ń ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí kọ̀ǹpútà bá ń fi ìṣẹ́jú 6 na ara, epo mi ló ń jẹ. Lánàá ọmọ kan tó fẹ́ tẹ ojú ewé 4 péré dúró títí, ó ní "Mummy, ẹ má bínú, mò ń bọ̀." Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi ló yà sí, mo sì ń wò ó. Kí ni mo lè ṣe tí àwọn nǹkan yìí ò fi ní máa ṣí àfi bí mo bá pè wọ́n?


Ọmọ Olósùnta, Ọjọ́ Ajé, 8:31 àárọ̀

Ìṣẹ́jú 6 ààbọ̀! Mummy, bí ẹ bá gbé odó sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà yẹn, iyán á ti funfun kí Word tó ṣí. Ní Ìkéré níbí, a kì í fi àkókò bẹ́ẹ̀ ṣòfò láìsí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo jókòó, mo ń dúró de àwọn tó mọ̀ ọ́n. Tèmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.


Atúnṣe Ìjìgbò, Ọjọ́ Ajé, 9:02 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni láti fọ Windows. Ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí.

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Task Manager á ṣí. Bó bá kéré, tí kò fi nǹkan púpọ̀ hàn, ẹ tẹ More details nísàlẹ̀ rẹ̀. Lókè, ẹ wá Startup. Ẹni tó bá ń lo Windows 11, apá òsì ló máa bá a, Startup apps ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Gbogbo àwọn tó ń wọlé láìkànlẹ̀kùn ló wà nínú àkójọ yẹn. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Startup impact sí. Windows fúnra rẹ̀ ló ń wọn ohun tí áàpù kọ̀ọ̀kan jẹ nígbà tí ẹ̀rọ ń jí. Èyí tó bá gba ju ìṣẹ́jú-àáyá 1 lọ lọ́wọ́ CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), tàbí tó ka nǹkan tó ju 3MB lọ lórí dísìkì, ó máa kọ High sí i. Àwọn High yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ wá tẹ Disable nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé: Disable kì í ṣe pé ẹ yọ áàpù náà dànù. Ó wà níbi tó wà. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ tẹ̀ ẹ́, á ṣí. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹ ṣì í ṣe, ẹ padà síbẹ̀, ẹ tẹ Enable. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí fún ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í mọ̀. Bí ẹ bá parí, Restart ni kí ẹ tẹ̀, ẹ má tẹ Shut down. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, Windows 10 tí ẹ bá fi Shut down pa kì í sùn tán, ó máa ń tọ́jú apá kan ara rẹ̀ sórí dísìkì kó lè tètè jí. Restart ló ń bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi àkókò àná wé ti òní, ọ̀nà kan náà ni kí ẹ gbà lẹ́ẹ̀mejèèjì.


Jẹ́jẹ́ Layé, Ọjọ́ Ajé, 9:20 àárọ̀

Kí lẹ ń da ara yín láàmú sí? Ẹ wa cleaner kan sórí rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ á mọ́ tónítóní. Èyí tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tí kò gba owó, wà nínú group WhatsApp wa. Ẹni tó bá fẹ́ kó yà sí inbox mi.


Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́, Ọjọ́ Ajé, 9:41 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́, ẹ má bínú sí mi o. Mo fi irú rẹ̀ sórí tèmi lọ́dún tó kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ jókòó sínú Startup, High ni wọ́n sì kọ sí i. Ó tún mú browser kan tí n ò mọ̀ rí dání. Ẹ gba ọdẹ pé kó bá yín lé àlejò, ọdẹ kó gbogbo ẹbí rẹ̀ dé.


Atúnṣe Ìjìgbò, Ọjọ́ Ajé, 9:48 àárọ̀

Ẹ ṣeun, Akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló ń gbé kọ̀ǹpútà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi jù. Mò ń rí owó níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é.


Ìyá Ìbejì Atẹ̀wé, Ọjọ́ Ajé, 1:05 ọ̀sán

Mo dé o. 17 ni mo kà níbẹ̀! Orúkọ mìíràn, n ò gbọ́ ọ rí láyé mi. Inú bí mi, mo fi Disable lu gbogbo wọn àfi ọ̀kan tí wọ́n kọ Microsoft sí. Mo ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan olóyè. Mo tẹ Restart, mo gbé fóònù, ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 50! Mo kí ara mi kú oríire.

Àmọ́ mo ti dá nǹkan sílẹ̀. Ìka méjì tí mo fi ń ti ojú ewé sókè sódò lórí touchpad, kò dáhùn mọ́. Ààmì ààbò Windows tó máa ń wà nísàlẹ̀ náà ti wábi gbà. Ṣé mo ti ba kọ̀ǹpútà jẹ́ ni? Prójẹ́ẹ̀tì èèyàn 3 wà lórí rẹ̀.


Atúnṣe Ìjìgbò, Ọjọ́ Ajé, 1:22 ọ̀sán

Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́.

Ẹ padà sínú àkójọ yẹn, ẹ wá èyí tó ní Synaptics tàbí ELAN lórúkọ, tàbí tí wọ́n kọ touchpad sí. Enable. Lórí láptọ́ọ̀pù mìíràn òun ló ń jẹ́ kí ìka méjì ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá rí Realtek, ti ohùn nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀, kò wúwo. Ní ti ààbò, ààmì rẹ̀ nìkan ni ẹ pa, ààbò fúnra rẹ̀ ṣì ń ṣọ́ ilé lábẹ́lẹ̀. Ẹ ṣáà dá a padà, kí ẹ lè máa rí i bó bá fẹ́ kígbe.

Updater pírintà lè wà ní Disable títí ayé, pírintà á máa tẹ̀wé lọ. OneDrive, ibi ìtọ́jú fáìlì Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wà lọ́wọ́ yín: bí ẹ bá ń tọ́jú iṣẹ́ síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa ṣí, torí bí kò bá ṣí, kò ní gbé fáìlì tuntun kankan lọ sókè. Áàpù orin àti ti ìpàdé, ẹ lè wọ Settings tiwọn gan-an lọ pa á níbẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ṣe update, wọ́n á tún kọ orúkọ ara wọn padà sínú Startup. Ti wíwa fíìmù yẹn, bí ẹ kì í bá lò ó, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá nínú Settings, ní Apps.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń yọ mí lẹ́nu. Ọ̀kan tí ẹ ní wọ́n kọ Microsoft sí, tí ẹ ò fọwọ́ kàn yẹn. Kí lorúkọ rẹ̀ gan-an? Ẹ kọ ọ́ síbí bó ṣe wà. Ṣé wíńdò dúdú ọjọ́sí ṣì ń yọ fìrí?


Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́, Ọjọ́ Ajé, 1:30 ọ̀sán

Kí Mummy tó dé, ẹ bá mi wo tèmi. Windows 11. Mo ti pa gbogbo rẹ̀ ní Startup apps, síbẹ̀ bí mo bá ti Restart, browser àti àwọn áàpù tí mo lò kẹ́yìn á tún ṣí padà bí ẹni pé n ò pa kọ̀ǹpútà rárá.


Ọmọ Ẹfọ̀n, Ọjọ́ Ajé, 1:52 ọ̀sán

Kì í ṣe Startup nìyẹn, àbúrò. Lọ sí Settings, Accounts, Sign-in options. Wá ibi tí wọ́n ti ń sọ nípa restartable apps, pa á. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó rántí ohun tó ṣí nígbà tí o jáde, kó sì tún un ṣí bí o bá wọlé. Bí o bá ń lo Edge, wọ Settings rẹ̀, ní System and performance, o máa rí Startup boost. Ti Chrome wà ní System, níbi tí wọ́n ní kó máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tí o bá ti pa á. Pa méjèèjì.


Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́, Ọjọ́ Ajé, 2:10 ọ̀sán

Sign-in options yẹn ni! Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n.


Ìyá Ìbejì Atẹ̀wé, Ọjọ́ Ajé, 4:37 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má bínú, oníbàárà pọ̀. Touchpad ti padà, ẹ ṣeun gan-an, sà. Wíńdò dúdú yẹn ṣì ń yọ. Orúkọ tí ẹ béèrè nìyí: Microsoft ® Windows Based Script Host. Publisher rẹ̀, Microsoft Corporation ni. Ti Windows fúnra rẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?


Atúnṣe Ìjìgbò, Ọjọ́ Ajé, 4:41 ìrọ̀lẹ́

Mà, ẹ dúró ná. Ẹ má ki fláàṣì ẹnikẹ́ni bọ̀ ọ́ mọ́ títí tí a ó fi parí ọ̀rọ̀ yìí.

Script Host jẹ́ ti Microsoft lóòótọ́, wscript.exe ni fáìlì rẹ̀ ń jẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó ka àṣẹ tí wọ́n bá kọ fún un, kó sì ṣe é. Kì í béèrè pé ta ló kọ ọ́. Ẹ wò ó bí akéde: agogo ààfin ló ń lù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì mọ̀ bóyá ọba ló rán an.

Ẹ ṣí Startup padà. Níbi tí wọ́n kọ Name, Publisher àti Status sí lókè, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún mouse tẹ̀ ẹ́. Àkójọ kékeré kan á jáde, ẹ mú Command line níbẹ̀. Ẹ wá kọ ohun tó wà níwájú Script Host yẹn síbí.


Ìyá Ìbejì Atẹ̀wé, Ọjọ́ Ajé, 5:03 ìrọ̀lẹ́

Ó kọ wscript.exe //B, ó wá kọ C:\Users, orúkọ tèmi, AppData\Roaming, lẹ́yìn náà lẹ́tà jágbajàgba bí ìgbà tí ọmọdé gun orí keyboard, ó wá parí rẹ̀ sí .vbs.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Ó ti tó oṣù kan tí àwọn ọmọ ti ń wá bá mi pé bí àwọn bá ti tẹ̀wé lọ́dọ̀ mi, gbogbo fáìlì inú fláàṣì àwọn á di shortcut. Mo ní ọ̀dọ̀ mi kọ́, ilé-ìwé ni wọ́n ti kó o. Mo tiẹ̀ bá ọ̀kan nínú wọn jà, mo ní kó má wá ba ọjà mi jẹ́. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí.


Ọmọ Olósùnta, Ọjọ́ Ajé, 5:06 ìrọ̀lẹ́

Háà.


Atúnṣe Ìjìgbò, Ọjọ́ Ajé, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má jẹ́ kójú tì yín, mà. Fáírọ́ọ̀sì ni .vbs yẹn, àṣẹ tí Script Host ń kà ló wà nínú rẹ̀. Fláàṣì oníbàárà kan ló gbé e wá, tiyín sì ń pín in fún àwọn yòókù. Bó ṣe ń rí ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé nìyẹn.

Ẹ tẹ̀ lé e bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, torí bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, á padà. Irú wọn máa ń wà láàyè nínú ẹ̀rọ, bí ẹ bá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ ní Startup, òun náà á tún un kọ. Nítorí náà, òun alára ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró. Nínú Task Manager, ẹ lọ sí Details, ẹ wá wscript.exe, ẹ tẹ End task. Bí ẹ bá rí méjì, ẹ pa méjèèjì. Ẹ wá padà sí Startup, ẹ Disable Script Host yẹn. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí fódà, ẹ kọ %appdata% sí òkè níbi tí àdírẹ́sì máa ń wà, ẹ tẹ Enter. Roaming ló máa gbé yín lọ. Ẹ tẹ View, ẹ mú Hidden items, torí ó fara pamọ́. Ẹ wá fáìlì .vbs tí orúkọ rẹ̀ bá èyí tí ẹ kọ mu, ẹ pa á rẹ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì o! Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ẹ wá tẹ Delete.

Ó kù. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pa pọ̀, ẹ kọ shell:startup síbẹ̀. Fódà kan á ṣí. Ohunkóhun tó bá wà nínú rẹ̀ máa ń ṣí bí ẹ bá ti wọlé, irú .vbs yẹn sì máa ń fi ẹ̀dà ara rẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀dà yẹn, ẹ pa á rẹ́. Ẹ tún wo inú Task Scheduler, níbi tí wọ́n ń to iṣẹ́ tí Windows á máa ṣe fúnra rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́gbọ́n inú wọn máa ń sá sí.

Kí ẹ tó lọ sùn, ẹ ṣí Windows Security, Virus & threat protection, Scan options, ẹ mú Microsoft Defender Offline scan. Á pa kọ̀ǹpútà, á sì yẹ̀ ẹ́ wò kí Windows tó jí. Ẹ rí i pé iná tàbí jẹnẹ á dúró fún bí ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán.

Fún fláàṣì tó ti di shortcut, fáìlì wọn ò sọ nù, wọ́n kàn fi wọ́n pamọ́ ni. Ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà bá ti mọ́, ẹ wo lẹ́tà rẹ̀, ẹ ṣí Command Prompt, bó bá jẹ́ E, ẹ kọ: attrib -h -r -s /s /d E:\*.*
Fáìlì á jáde padà. Ẹ wá pa àwọn shortcut àti .vbs inú rẹ̀ rẹ́.


Bàbá Tíṣà Ìkọ̀lé, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:55 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo wá Startup nínú Task Manager, n ò rí i. Tèmi ti pẹ́ díẹ̀, Windows 7.


Atúnṣe Ìjìgbò, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Kò sí níbẹ̀ lóòótọ́, ìgbà Windows 8 ni wọ́n gbé e lọ sí Task Manager. Ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ msconfig, ẹ wá Startup níbẹ̀, ẹ yọ ààmì iwájú èyí tí ẹ ò fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, sà, láti January 2020 ni Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn dúró fún Windows 7, ẹ má fi ẹ̀rọ yẹn wọ báǹkì.


Ọmọ Ẹfọ̀n, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:03 àárọ̀

Gbogbo ohun tí Atúnṣe ń sọ dáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n da omi tútù sí i díẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ní 4GB, bó bá jẹ́ hard disk tó ń yí nínú rẹ̀ ni, kò sí bí ẹ ṣe lè lé àlejò tó tí kò ní máa wọ́. SSD, dísìkì tí kì í yí, ni òògùn rẹ̀. Hard disk yẹn ló ń jẹ epo Mummy.


Atúnṣe Ìjìgbò, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:15 àárọ̀

N ò bá yín jiyàn, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ SSD ò lé fáírọ́ọ̀sì. Bí Mummy bá kọ́kọ́ ra SSD, tí wọ́n gbé Windows àtijọ́ sórí rẹ̀ bó ṣe wà, .vbs yẹn á kàn máa tètè jí ni. Ẹ jẹ́ ká gbálẹ̀ ká tó ra àga tuntun.


Jẹ́jẹ́ Layé, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:30 àárọ̀

Èmi ti wọ services.msc lọ, níbi tí àwọn iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ Windows wà, mo pa gbogbo ohun tí n ò mọ̀ níbẹ̀. Ó yára bí ọfà. Ó kàn ku pé pírintà ò tẹ̀wé mọ́, ó ń sọ pé kò sí pírintà kankan.


Atúnṣe Ìjìgbò, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:34 àárọ̀

Ẹ wá Print Spooler níbẹ̀, ẹ dá a padà sí Automatic, ẹ tẹ Start. Ẹ sì dá àwọn yòókù padà! Services kì í ṣe Startup, ẹ̀gbọ́n. Òpó ilé ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe àlejò. Bí ẹ bá fẹ́ rí gbogbo ohun tó ń jí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lójú kan, ẹ wa Autoruns láti ojú òpó Microsoft fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Sysinternals ló ti wá, Microsoft rà wọ́n ní 2006, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ máa yọ ààmì iwájú nǹkan ni, ẹ má tètè máa pa á rẹ́.


Ìyá Ìbejì Atẹ̀wé, Ọjọ́rú, 10:12 àárọ̀

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti délé. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ lálẹ́ àná. wscript.exe méjì ni mo bá ní Details, mo pa méjèèjì. Ọ̀kan tún sá pamọ́ sínú shell:startup bí Atúnṣe ṣe wí. Offline scan mú nǹkan méjì mìíràn. Mo wa Autoruns náà, orúkọ ìwé àṣẹ yẹn ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n yẹ́lò ló kùn ún, ó ní File not found. Ilé ṣófo, orúkọ ló kù lára ògiri. Mo yọ ọ́.

Láàárọ̀ yìí: ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 55. Kò sí wíńdò dúdú. Ọmọ Ẹfọ̀n, mo ti gbọ́ ti SSD, ẹ jẹ́ kí owó prójẹ́ẹ̀tì wọlé ná.

Mo ti lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé kí a yẹ fláàṣì wò kí ó tó wọ kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ti tẹ̀wé lọ́dọ̀ mi láàárín oṣù kan yìí, kó mú fláàṣì rẹ̀ wá, mo máa bá a tú fáìlì rẹ̀ sílẹ̀, n ò ní gba kọ́bọ̀. Ọmọ tí mo bá jà náà, mo ti pè é. Ó ní òun máa wá lọ́sàn-án.


Ọmọ Olósùnta, Ọjọ́rú, 10:20 àárọ̀

Fláàṣì tèmi ń bọ̀ láti Ìkéré. Ẹ gún iyán dè mí.